Bẹ́ ẹ ṣe lè kó ìtàn ọjọ́ kan jọ kó má di irọ́: ẹ jẹ́ ká fi June 12 dán an wò

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti pẹ́ táwọn kan ti ń bi mí pé báwo ni mo ṣe ń rí gbogbo ìtàn "lọ́jọ́ òní, lọ́dún báyìí" tí mo máa ń fi sórí gúrúùpù wa láràárọ̀, ṣé kì í ṣe pé mo kàn ń lọ dà á kọ níbì kan ni. Ká sòótọ́, bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Màá ṣí fóònù, màá tẹ déètì ọjọ́ náà sí Google, èyí tó bá ti kọ́kọ́ yọjú, màá gbé e, ó ti dé gúrúùpù nìyẹn. Kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Bẹ́ẹ̀ ni mò ń ṣe é lọ títí bàbá kan fi mú mi.

June 12 ni lọ́jọ́ náà. Mo kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀ pé June 12, 1994 ni MKO Abíọ́lá kéde ara ẹ̀ ní ààrẹ ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó l'Ékòó. Àwọn kan ń fi àsíá Nàìjíríà dáhùn, àwọn kan ń pàtẹ́wọ́, inú mi ń dùn. Ìgbà tó yá ni bàbá kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀ lórí gúrúùpù ọ̀hún fi fóìsì ránṣẹ́, ẹ máa gbọ́ ohùn ẹ̀, ó rọra ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń jẹ obì: "Ọmọ mi, o ṣeun o. Àmọ́ Sátidé ni. Mo wà níbẹ̀. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ ni mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀rọ̀ ẹ̀ náà la ṣì ń sọ nígbà tá a jáde." Mo sáré wo kàlẹ́ńdà 1994. Ọjọ́ 12 oṣù kẹfà bọ́ sí Sọ́ńdè, ọjọ́ 11 ni Sátidé. Bàbá ló jàre, 11 ni. Ojú tì mí débi pé mi ò gbé nǹkan kan síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Látìgbà yẹn ni mo ti yí ọwọ́ padà. Ohun tí mo kọ́ ò ju ẹyọ kan lọ, gbogbo èyí tó kù ń tẹ̀ lé e ni: tẹ́ ẹ bá ti rí déètì lára nǹkan, ẹ bi í pé irú déètì wo ló jẹ́. Ṣé ọjọ́ tí nǹkan ọ̀hún ṣẹlẹ̀ ni, àbí ọjọ́ tí wọ́n kéde ẹ̀, àbí ọjọ́ tí ìjọba kàn yàn pé káwọn èèyàn máa fi rántí ẹ̀? Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè jìnnà síra wọn gan-an, àwọn tó ń dà á kọ kiri ò sì ní wò ó, inú apẹ̀rẹ̀ kan náà ni wọ́n á kó gbogbo ẹ̀ sí.

Ẹ wá ìwé kan, kẹ́ ẹ fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ní ojú ìwé tiẹ̀. Ẹ lè lo fóònù o, èmi fẹ́ràn ìwé ni torí fóònù mi kì í pẹ́ kú. Ẹ kọ déètì sókè, ẹ pín ìsàlẹ̀ sọ́nà mẹ́ta: ṣẹlẹ̀, kéde, àjọ̀dún. Ẹ má tíì ṣí Google. Èyí tẹ́ ẹ mọ̀ fúnra yín àti èyí tẹ́ ẹ gbọ́ nílé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ, kódà tí ò bá dá yín lójú, ẹ fi àmì ìbéèrè sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, a máa padà síbẹ̀. Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé téèyàn bá ti bẹ̀rẹ̀ látorí íntánẹ́ẹ̀tì, ogun ilẹ̀ òyìnbó àti ọjọ́ ìbí àwọn òṣèré Amẹ́ríkà ló máa kún ojú ìwé ẹ̀, ìgbà tó bá fi máa dórí tiwa, àyè ti tán.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká gbé June 12 kalẹ̀. Èyí tí gbogbo wa mọ̀ ni ìdìbò 1993. Sátidé ni. Abíọ́lá ń bẹ nínú SDP, ẹlẹ́ṣin, Bashir Tofa ará Kano wà nínú NRC, àwọn ẹlẹ́yẹ idì. Lóru ọjọ́ 10, ilé ẹjọ́ kan ní Abuja ti ní kí wọ́n má dìbò mọ́, àmọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n Humphrey Nwosu tó jẹ́ ọ̀gá àjọ elétò ìdìbò ní àwọn ò dúró, ni àwọn èèyàn bá tò lọ́jọ́ 12. Nígbà tó di ọjọ́ 23 ni ìjọba Babangida wọ́gi lé e. Ẹ wá wò ó dáadáa: nínú gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí, ẹyọ kan péré ló ní ẹ̀tọ́ láti wà lójú ìwé ọjọ́ 12, ìyẹn ìdìbò fúnra ẹ̀. Ẹjọ́ alẹ́ yẹn, ọjọ́ 10 ló ni ín. Ìwọ́gilé, ọjọ́ 23 ló ni ín. Ìkéde Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó tó sọ mí di ẹlẹ́yà, ọjọ́ 11 ọdún kejì. Ẹ lè mẹ́nu bà wọ́n tẹ́ ẹ bá ń kọ ọ́, kí ìtàn lè lójú, àmọ́ kí kálukú gbé déètì tiẹ̀ lọ́wọ́.

Ẹ̀bùn tó wà nínú irú iṣẹ́ yìí nìyẹn o, torí bí mo ṣe lọ kọ ìwọ́gilé sójú ìwé ọjọ́ 23 ni mo rí i pé ọjọ́ 23 oṣù kẹfà náà, 1994, ni wọ́n wá mú Abíọ́lá. Ọdún kan géérégé. Látọjọ́ yẹn, kò tún jáde mọ́ títí tó fi kú ní ọjọ́ 7 oṣù keje 1998. Mi ò lọ wá a o, òun ló wá bá mi, torí pé mo fi nǹkan sáyè tiẹ̀.

Ká wá bọ́ sí ọ̀nà kejì àti ìkẹta, kéde àti àjọ̀dún, ibẹ̀ gan-an ni irọ́ pọ̀ sí. Ọjọ́ Ìjọba Tiwantiwa wa, May 29 la ń ṣe é tẹ́lẹ̀, torí ọjọ́ tí Ọbásanjọ́ gba ìjọba lọ́wọ́ sójà nìyẹn lọ́dún 1999. Ọjọ́ 6 oṣù kẹfà 2018 ni Buhari kéde pé ó ti di June 12. Ọjọ́ 12 tó tẹ̀ lé e ni wọ́n fi oyè GCFR dá Abíọ́lá lọ́lá lẹ́yìn ikú ẹ̀. Ọdún 2019 ni gbogbo Nàìjíríà kọ́kọ́ wá fi ọjọ́ náà gba ìsinmi bí Ọjọ́ Ìjọba Tiwantiwa. Nítorí náà, ẹni tó bá kọ ọ́ pé àtọdún 1999 la ti ń ṣe é, irọ́ ni. Ẹni tó bá sì kọ ọ́ pé kò sẹ́ni tó ń ṣe é kó tó di 2019, irọ́ nìyẹn náà, torí àwọn ìpínlẹ̀ kan nílẹ̀ Yorùbá ti ń fúnra wọn ya ọjọ́ náà sọ́tọ̀ tipẹ́, Abuja ni ò dá sí i. Gbogbo àwọn tó dàgbà l'Ékòó tàbí l'Abẹ́òkúta lásìkò yẹn máa rántí ọlidé tó jẹ́ pé ìpínlẹ̀ tiwọn nìkan ló ń ṣe é.

Àwọn Philippines ti ṣe irú ẹ̀ ṣáájú wa, èyí tí mo sì fẹ́ràn jù nínú gbogbo June 12 tí mo ti kó jọ nìyí. Ọjọ́ 12 oṣù kẹfà 1898 ni Emilio Aguinaldo dúró nílé ẹ̀ nílùú Kawit, tó ní àwọn ti gba òmìnira lọ́wọ́ Spain. Àmọ́ kí ọdún ọ̀hún tó parí, Spain ti fa ilẹ̀ náà lé Amẹ́ríkà lọ́wọ́. Ó wá di ọjọ́ 4 oṣù keje 1946 kí Amẹ́ríkà tó fi wọ́n sílẹ̀, ẹ sì mọ ohun tí July 4 jẹ́ fún Amẹ́ríkà fúnra ẹ̀. Àwọn Philippines wá ń ṣe òmìnira lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú ọ̀gá tó kó wọn lẹ́rú. Ọdún 1962 ni ààrẹ wọn, Diosdado Macapagal, ní ó tó, ó dá a padà sí June 12. Ẹ rí i, àwọn náà kúrò ní ọjọ́ tí ẹlòmíì fún wọn, wọ́n lọ sí ọjọ́ tí wọ́n fúnra wọn ṣe nǹkan, bí wọn ò tiẹ̀ jẹ́ kó yọrí lọ́jọ́ náà. Tẹ́ ẹ bá to méjèèjì yìí tira wọn, kò sídìí pé kẹ́ ẹ ṣàlàyé jù, ẹni tó bá ń kà á máa rí i fúnra ẹ̀.

Ohun tí mo ń sọ nìyẹn, ẹ má kó ogún nǹkan jọ. Ẹni tó bá kó ogún, kò sẹ́ni tó máa rántí ẹyọ kan. Mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó ń bára wọn sọ̀rọ̀ ti tó. Bí àpẹẹrẹ, ìdìbò náà: ọjọ́ 12 oṣù kẹfà 1991, ọdún méjì gééré ṣáájú tiwa, Wẹ́sìdeè ni, àwọn ará Rọ́ṣíà dìbò yan ààrẹ, Boris Yeltsin wọlé, wọ́n sì jẹ́ kó wọlé. Lọ́jọ́ yẹn kan náà àwọn ará Leningrad dìbò pé àwọn fẹ́ máa jẹ́ Saint Petersburg padà. Ìdìbò tiwọn àti tiwa, déètì kan, tiwọn dúró, tiwa dàwátì.

Tàbí kẹ́ ẹ mú ti ẹ̀wọ̀n. Ọjọ́ 12 oṣù kẹfà 1964, Fúráìdè, ni adájọ́ ní Pretoria sọ Nelson Mandela àtàwọn méje míì sẹ́wọ̀n gbére. Ikú lọ̀pọ̀ èèyàn ń retí. Ẹ ṣọ́ra fún èyí náà o, torí mo ti rí i lọ́pọ̀ ibi pé "June 12 ni wọ́n mú Mandela." Rárá, oṣù kẹjọ 1962 ni wọ́n ti mú un, inú ẹ̀wọ̀n ló ti wá jẹ́jọ́. Ọjọ́ 11 ni adájọ́ sọ pé wọ́n jẹ̀bi, ọjọ́ 12 ló dá a fún wọn. Ọjọ́ tí wọ́n mú un, ọjọ́ tó jẹ̀bi, ọjọ́ ìdájọ́, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Níbẹ̀ náà sì ni, ọjọ́ 12 oṣù kẹfà 1986, ààrẹ wọn, P. W. Botha, kéde òfin pàjáwìrì jákèjádò South Africa, nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́rin kí wọ́n ṣe ìrántí ọdún kẹwàá ìpakúpa Soweto.

Àwọn tó wà ní Amẹ́ríkà lórí gúrúùpù wa, ti Loving ni wọ́n máa ń fẹ́ gbọ́. Òyìnbó ni Richard Loving, Mildred ìyàwó ẹ̀ kì í ṣe òyìnbó, wọ́n ṣègbéyàwó ní Washington lọ́dún 1958, wọ́n padà sílé ní Virginia, ni ọlọ́pàá bá wọlé bá wọn ní yàrá lóru. Wọ́n ní kí wọ́n kúrò ní Virginia fún ọdún 25 tí wọn ò bá fẹ́ ṣẹ̀wọ̀n. Ọjọ́ 12 oṣù kẹfà 1967 ni àwọn adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà fẹnu kò pé òfin burúkú ni òfin tó ní kí òyìnbó má fẹ́ ẹni tí kì í ṣe òyìnbó, pé kí ẹni tó bá wu èèyàn máa fẹ́ra.

Tó bá kan àjọ̀dún àgbáyé, ẹ máa wo ẹni tó dá a sílẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ lòdì sí fífi ọmọdé ṣiṣẹ́, ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lọ́dún 2002, June 12 ni, ìyẹn ṣe é tọ́ka sí. Ní Brazil, June 12 ni ọjọ́ àwọn olólùfẹ́, Dia dos Namorados, kì í ṣe February 14. Onípolówó ọjà kan tó ń jẹ́ João Doria ló dá a sílẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1940 kí ọjà lè tà nínú oṣù tí ọjà ò tà. Mi ò ní kẹ́ ẹ má kọ ọ́, ó dùn ún kọ, kẹ́ ẹ kàn jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọjà ni. Ìdí tó fi mú ọjọ́ 12 ni pé ọ̀la ẹ̀ ni ọjọ́ Santo Antônio, ẹni mímọ́ tí wọ́n gbà pé ó ń wá ọkọ fáwọn obìnrin.

Ibí yìí ni ọwọ́ ti máa ń yún mi. Torí ní Bahia, ìpínlẹ̀ kan ní Brazil, Santo Antônio yẹn ni wọ́n fi bo Ògún mọ́lẹ̀ láyé ẹrú, ní Cuba, Ẹlẹ́gbára tí wọ́n ń pè ní Eleguá ni wọ́n ń rántí lọ́jọ́ náà. Ọ̀rọ̀ wa ni, ó sì dùn, ó wù mí kí n tì í bọ June 12. Àmọ́ ọjọ́ 13 ni. Mo gbé e lọ sójú ìwé ọjọ́ 13, mo dúró de ọ̀la. Ẹni tí ò bá lè dúró dọ̀la, kó má ṣe irú iṣẹ́ yìí.

Ó wá ku bẹ́ ẹ ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tó rọrùn jù ni ọjọ́ ọ̀sẹ̀. Tẹ́nì kan bá sọ fún yín pé Sọ́ńdè ni nǹkan ṣẹlẹ̀, ẹ ṣí kàlẹ́ńdà orí fóònù yín, ẹ yí i padà lọ sí ọdún yẹn, tí ò bá bọ́ sí Sọ́ńdè, ọ̀kan nínú méjèèjì ń parọ́. Tí fóònù ò bá sí nítòsí, ẹ rántí pé láti ọdún kan sí èkejì, déètì kan máa ń sún síwájú lọ́jọ́ kan, àyàfi tí February oníọjọ́ 29 bá wà láàárín, nígbà náà ó máa fo méjì. June 12 bọ́ sí Mọ́ńdè ní 2023, ó fo Túsìdeè, ó di Wẹ́sìdeè ní 2024, ó di Tọ́sìdeè ní 2025.

Ìwé ìròyìn àtijọ́ dáa púpọ̀. Ẹni tó bá wà nítòsí Ìbàdàn lè lọ sí ilé àkójọ ìwé àtijọ́ ti ìjọba àpapọ̀ tó wà nínú ọgbà UI. Àmọ́ ẹ má gbé déètì orí ìwé ìròyìn bí ó ṣe rí o, ìwé ìròyìn ọjọ́ 13 ló máa gbé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 12. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti kọ "lánàá" nínú ẹ̀, kẹ́ ẹ yọ ọjọ́ kan.

Tó bá jẹ́ àgbàlagbà lẹ ń bi, ẹ fetí sí bó ṣe ń ka ọjọ́. Yorùbá máa ń ka ọjọ́ tí nǹkan bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Ọjà ọrún tí Mọ́ńdè bá ná, Fúráìdè ló tún máa ná, òyìnbó á ka mẹ́rin, àwa á ka márùn-ún. Nítorí náà tí màmá àgbà bá ní "ọjọ́ kẹta tí a dìbò ni wọ́n wá sọ báyìí báyìí fún wa," Mọ́ńdè ló ń wí, ọjọ́ 14, kì í ṣe 15. Mo ti rí ọmọ yunifásítì tó kọ àṣìṣe yẹn, tó tún wá ń sọ pé màmá ló gbàgbé.

Aago ìlú sí ìlú náà wà níbẹ̀. Ọdún 1969, ọkọ̀ Apollo 11 balẹ̀ sórí òṣùpá lọ́jọ́ 20 oṣù keje, aago mẹ́sàn-án alẹ́ kọjá díẹ̀ níbí. Ṣùgbọ́n kí Neil Armstrong tó fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ ibẹ̀, ó ku díẹ̀ kí aago mẹ́rin ìdájí lù ní Nàìjíríà, ilẹ̀ ti mọ́ bọ́ sí ọjọ́ 21. Ọjọ́ 20 ṣì ni l'Ámẹ́ríkà. Tẹ́ ẹ bá ń kọ irú ìyẹn, ẹ sọ aago ibi tẹ́ ẹ̀ ń lò. Rọ́ṣíà àtijọ́ ò sì ní kàlẹ́ńdà kan náà pẹ̀lú wa, ìdí nìyẹn tí ìyípadà ìjọba tí wọ́n ń pè ní ti October fi bọ́ sí ọjọ́ 7 oṣù kọkànlá 1917. Ọdún Iléyá, ẹ má fi déètì òyìnbó dì í mú rárá, ó ń sún wá sẹ́yìn bí ọjọ́ mọ́kànlá lọ́dọọdún.

Tó bá ku kíkọ, ẹ kọ ọdún, ọjọ́ ọ̀sẹ̀, ibi, àti ẹni tó ṣe é, kẹ́ ẹ fi ẹyọ nǹkan kan tí ojú lè rí sí i. Èyí tí mo kọ lọ́dún tó lọ nìyí:

"Ọjọ́ 12 oṣù kẹfà. Lọ́dún 1898, Aguinaldo ta àsíá òmìnira ní Kawit. Amẹ́ríkà ò gbà, ó di 1946. Lọ́dún 1964, Fúráìdè, wọ́n sọ Mandela àti àwọn méje sẹ́wọ̀n gbére ní Pretoria. Lọ́dún 1991, Wẹ́sìdeè, Rọ́ṣíà dìbò, ẹni tí wọ́n yàn wọlé. Lọ́dún 1993, Sátidé, àwa náà tò. Lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kànlá wọ́n ní ìbò ò sí."

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ kíyè sí i pé mi ò fi "kú ọdún o" sí i. Ọjọ́ 12 oṣù kẹfà 2025, Tọ́sìdeè, ọkọ̀ òfuurufú Air India já lulẹ̀ ní Ahmedabad bó ṣe gbéra tó ń lọ sí London, èèyàn 242 ló wà nínú ẹ̀, ẹyọ kan ló yè é. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ òmìnira níbì kan, wọ́n ń ṣọ̀fọ̀ níbòmíì, ẹ ò sì mọ ẹni tó ń ka gúrúùpù yín. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi irú ẹ̀ sí i, ẹ dá a gbé kalẹ̀, ẹ má fi àwòrán olójú ẹ̀rín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni kẹ́ ẹ ti kọ ọ́ tán, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan tó dàgbà jù yín lọ kó kọ́kọ́ wò ó. Èmi, bàbá Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó yẹn ni mo ń fi ránṣẹ́ sí báyìí, ní aago mẹ́jọ alẹ́. Tó bá dára, ó máa fi "ó dáa" ránṣẹ́. Tí ò bá dáa, ó máa pè.